Sàráà Ọjọ́ Kẹjọ Mọ́tò Àbdùlsàlámì

Gàárì ẹṣin ni èmi Hàrúnà ń rán. Bàbá mi rán an, bàbá rẹ̀ náà rán an, gàárì kan sì wà tí bàbá bàbá mi rán fún ẹlẹ́ṣin kan ní Gàmbàrí, àdúgbò wa ní Ìlọrin, ẹṣin mẹ́ta ló ti kú lábẹ́ rẹ̀ tí òun alára ò kú. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé inú mi ò dùn sí mọ́tò láti ìbẹ̀rẹ̀, kò parọ́ mọ́ mi. Ẹni tó ń jẹun lára ẹṣin, báwo ló ṣe fẹ́ máa bá mọ́tò ṣeré? Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owú. Ìṣojú mi ni gbogbo rẹ̀ ṣe.

Nígbà náà, òyìnbó ti gbé rélùwéè wọ ìlú wa, wọ́n sì ń fẹ ọ̀nà kiri bí ẹni tó sọ nǹkan nù sínú igbó. Ọ̀rẹ́ mi Àbdùlsàlámì, tó ń ta obì ní Ọjà Tuntun, ló kọ́kọ́ ra mọ́tò ní àdúgbò tiwa. Kì í ṣe fáàrí ló mú un rà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fáàrí ò jìnnà sí i rárá. Nítorí ìyá rẹ̀ ló ṣe rà á.

Ìyá Àbdùlsàlámì ń jẹ́ Asabe. Wọ́n ní àbúrò kan ṣoṣo, Ìyá Lami, tó lọ́kọ sí Malete láàárín àwọn àgbẹ̀. Ọdún tí Ìyá Lami ń fa ọmọ wọn obìnrin fọ́kọ, Ìyá Asabe ránṣẹ́ pé orúnkún ń dun àwọn, àwọn ò lè wá. Kò sì ju ọ̀sẹ̀ náà lọ tí wọ́n rí Ìyá Asabe níbi ìyàwó mìíràn nínú ìlú, tí wọ́n ń jó, orúnkún ò sì ṣe nǹkan kan. Ẹnu ò dákẹ́, ọ̀rọ̀ náà dé Malete. Ni Ìyá Lami bá búra pé ẹsẹ̀ àwọn ò ní tẹ ilé Asabe mọ́ láyé, àfi bí Asabe bá kọ́kọ́ wá bá àwọn ní Malete. Ìyá Asabe náà ní àgbà kì í lọ kúnlẹ̀ fún àbúrò. Bí ọdún méje ṣe kọjá nìyẹn.

Ní ọdún keje, ìyá rọ̀. Àárò àbúrò wọn ń sọ wọ́n gidi. Àgbẹ̀ Malete yòówù tó bá gbé iṣu wá sí Ọjà Tuntun, wọ́n á pè é, wọ́n á bi í bóyá Lami ṣì ń jẹ obì, bóyá eyín rẹ̀ ṣì pé. Àmọ́ orúnkún tí wọ́n fi parọ́ lọ́jọ́sí ti wá ń dùn wọ́n lóòótọ́. Wọn ò lè rìn dé ìdajì ọ̀nà, wọn ò sì lè gun ẹṣin. A ní ká gbé wọn sórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, wọ́n ní, "Ṣé iṣu ni mí ni?" A ní ká fi àkéte gbé wọn lérí, wọ́n ní òkú ni wọ́n ń gbé báyẹn.

Wọ́n sọ ọ́ fún ọmọ wọn lójú mi pé, "Bí mo bá máa lọ tọrọ àforíjì, mo fẹ́ kí gbogbo Malete rí i pé ẹ̀gbọ́n ló wá, kì í ṣe alágbe."

Àbdùlsàlámì nìkan ni wọ́n bí. Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kó sùn. Ó kó èrè obì rẹ̀ jọ, ó mú mi dání, a gba ọ̀dọ̀ òyìnbó oníṣòwò kan lọ nítòsí ibùdó rélùwéè.

Òyìnbó náà mú wa yí mọ́tò ká. Ó dúdú, ó ń dán, èèyàn lè wo ojú ara rẹ̀ lára rẹ̀. Ó ní kí ògbifọ̀ rẹ̀ sọ fún wa pé nílùú àwọn, bí ẹni ń din àkàrà ni wọ́n ṣe ń ṣe é: kí ọ̀kan tó jáde nínú epo, wọ́n ti ju òmíràn sí i. Ó ní ìdí tó fi pọ̀ nìyẹn, tí owó rẹ̀ ò fi wọ́n.

Mo ní, "Gàárì kan péré, oṣù méjì gbáko ni mo fi ń rán an."

Òyìnbó rẹ́rìn-ín. Ògbifọ̀ ní ó ní ìdí tí mo fi tòṣì nìyẹn.

A gbé mọ́tò wálé. Jímọ́ọ̀ ló wà á, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó kọ́ iṣẹ́ dírẹ́bà ní Ọ̀fà, tí Àbdùlsàlámì gbà síṣẹ́. Gbogbo Gàmbàrí tú síta. Wọ́n gbé Ìyá Asabe jáde lórí àpótí, wọ́n wo mọ́tò láti orí dé ìdí, wọ́n ní, "Máṣà Allah! Ọjọ́ kẹjọ ńkọ́?"

Àbdùlsàlámì ní, "Ọjọ́ kẹjọ kí ni, Ìyá?"

"Ohun tuntun tó wọ ilé yìí. Ṣé ọmọ máa ń kúrò nílùú kí wọ́n tó ṣàdúà sí i ni? Ẹ pe áfáà lọ́jọ́ kẹjọ, kí wọ́n pa àgbò, kí wọ́n fún un lórúkọ. Tí wọ́n bá ti ṣàmín tán, mo máa wọ̀ ọ́ lọ Malete lọ́jọ́ náà gan-an."

Gbogbo wa ní òótọ́ ni. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, ta ni yóò já a ní koro? Wọ́n ra àgbò, wọ́n so ó mọ́lẹ̀. Wọ́n lọ rí Áfáà Abdulmumini, wọ́n sì fi lọ ẹbí àti ará.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tó bá wá kí ọmọ tuntun, wọ́n á gbé ọmọ náà fún un kó gbé e mọ́ra. Ẹni tí wọn ò bá gbé ọmọ fún, inú á bí i lọ sílé ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ẹni tó wá kí mọ́tò. Wọ́n á ní, "Ẹ kú oríire, Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí i," wọ́n á gba obì, wọ́n á jẹ ẹ́ tán, wọn ò ní lọ. Wọ́n á kàn dúró ti mọ́tò, wọ́n á máa wojú Àbdùlsàlámì. Kí ni kó ṣe? Á ní kí wọ́n wọlé. Jímọ́ọ̀ á fi irin yí i níwájú títí á fi bú, á gbé wọn dé ojúde ọba, á gbé wọn padà. Kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀, àwọn mìíràn ti tò. Ará Ajíkọ́bi wá, ará Àlánàámú wá, àwọn tí kò kí Àbdùlsàlámì nígbà tó bímọ wá kí i nígbà tó ra mọ́tò.

Fèrè rẹ̀ ló kọ́kọ́ dákẹ́. A ní kò burú, ọmọ kì í sunkún ní gbogbo ìgbà. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀kùn kan ṣẹ́kù sọ́wọ́ Salimat, ìyàwó Àbdùlsàlámì, bó ti ń sọ̀kalẹ̀. Kò fà á o, ó kàn dì í mú ni. Ó gbé e wọlé bí ẹni gbé àtẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ọkọ rẹ̀. Ó tún ku àna wọn, ọkùnrin kan tí Ọlọ́run fi ẹran ara kẹ́. Ibi tó jókòó sí, irin kan dìde lábẹ́ àga, ó kí i. Ọkùnrin náà fò sókè, ó ní òun ò tíì rí ọmọ tó ń buni jẹ kó tó hu eyín rí. A rẹ́rìn-ín títí, àfi Àbdùlsàlámì.

Èmi náà wọ̀ ọ́, kí n má purọ́. Mo wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí a ń bọ̀ láti Òkèlele. A ń sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, atẹ́gùn ń fẹ́ mi, mo tilẹ̀ ti ń rò ó pé bóyá mo ti ń ṣàìdáa sí mọ́tò yìí, ni mo bá rí ẹsẹ̀ mọ́tò kan tó ń yí lọ geere níwájú wa.

Mo ní, "Jímọ́ọ̀, mọ́tò mìíràn wà níwájú."

Jímọ́ọ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n, tiwa ni."

Ẹsẹ̀ mọ́tò náà ò dúró dè wá. Ó yà sí agbo ilé àwọn amọ̀kòkò, ó la àárín ìkòkò tí wọ́n sá sóòrùn kọjá, àwọn obìnrin ilé náà sì gbé èébú pàdé wa lójú ọ̀nà. A tọrọ gáfárà títí ọ̀fun wa gbẹ. Nígbà tí a gbé e délé, awọ gàárì ni mo fi dì í. Mo sì lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé níbi tí awọ tèmi wà, nǹkan kan ò jábọ́ níbẹ̀ mọ́.

Ó ku díẹ̀ kí ọjọ́ kẹjọ pé nígbà tí mọ́tò kú. Jímọ́ọ̀ ń gbé àwọn kan bọ̀ láti ojúde ọba. Lẹ́nu ọ̀nà ilé gan-an, inú rẹ̀ dún gbàmù, ó yọ èéfín funfun, ó gbọn ara lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Jímọ́ọ̀ ṣí i nímú, ó wò ó títí. Nígbà tó gbójú sókè, mo ti mọ ohun tó fẹ́ sọ.

Ó ní, "Bàbá, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti là. Mi ò rí nǹkan kan ṣe sí i mọ́."

A padà sọ́dọ̀ òyìnbó. Ẹnu ò tilẹ̀ yà á. Ó ní irú rẹ̀ kì í pẹ́ púpọ̀, pé tuntun ti ń bọ̀ lórí omi tó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ká wá ra òmíràn. Mo bi í bóyá ohun tó sọ fún wa lọ́jọ́ tó ń tà á nìyẹn. Ògbifọ̀ wò mí, ó wo òyìnbó, kò túmọ̀ rẹ̀. Inú bí mi gan-an. Ọpẹ́ ni pé mi ò gbọ́ èdè òyìnbó, ẹ̀wọ̀n ni ǹ bá sùn lọ́jọ́ náà.

Àwọn tó wá kí wa kú oríire tún padà wá kí wa kú òfò. "Ọlọ́run á fi òfò ra ẹ̀mí," ni wọ́n ń wí, wọ́n sì tún ń jẹ obì. Àwọn tó gùn ún jù ni wọ́n jókòó pẹ́ jù. Ní Ọjà Tuntun, àwọn aláwàdà ti ń pa á kiri pé sàráà ìsọmọlórúkọ ti di fìdáù òkú, nítorí ọjọ́ kẹjọ ni méjèèjì, àgbò kan náà ló sì máa lọ sí i. Wọ́n ń kí ara wọn pé, "A ó pàdé níbi fìdáù ilé Ìyá Asabe o!"

Èmi náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín, títí ìyá fi pe èmi àti ọmọ wọn sínú yàrá lẹ́yìn ìrun àṣálẹ́. Wọn ò rẹ́rìn-ín ní tiwọn.

Wọ́n ní, "Ọdún méje ni mo fi ń wá ohun tó máa gbé mi ga kí n tó lọ sọ pé mo ṣẹ̀. Ẹ wò ó níta, òun náà ti dùbúlẹ̀. Bí mo bá kú báyìí, Lami á ní mo gbé ìgbéraga mi wọ sàárè, òótọ́ ló sì máa sọ."

Àbdùlsàlámì sunkún bí ọmọdé. Ó dùn mí wọra. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká gbé wọn sórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kílẹ̀ tó mọ́, kí ẹnikẹ́ni má rí wọn. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní ẹnu tí àwọn fi kẹ́gàn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ti pọ̀ jù.

Ọjọ́ kẹjọ pé. Àgbò ṣáà wà nílẹ̀, a ò lè dá a padà. Èrò péjọ. Ìyá Asabe wẹ̀, wọ́n lé tìróò, wọ́n wọ aṣọ tí wọ́n rán fún ìrìn àjò Malete, wọ́n ní ká gbé àwọn sínú mọ́tò náà. Wọ́n ní aṣọ tí àwọn rán kò gbọdọ̀ ṣòfò. Ni a bá gbé wọn sí i. Wọ́n jókòó síbẹ̀ nìkan, wọ́n kọjú síwájú.

Áfáà Abdulmumini náà kọ́kọ́ dúró, wọ́n ń fọwọ́ ra irùngbọ̀n. Àwọn kan ní kí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, àwọn kan ní fìdáù ló kàn. Áfáà ní, "Ohun tí kò ní ẹ̀mí, a kì í ṣe fìdáù fún un. Ohun tó sì ti kú, orúkọ wo ló tún fẹ́ jẹ́? Àdúà ọpẹ́ ni a máa ṣe, pé dúkìá ló lọ, kì í ṣe èèyàn." Gbogbo wa ṣàmín. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pín ẹran ni a gbọ́ igbe láti òpin àdúgbò.

"Yàyá mi o! Yàyá mi o!"

Yàyá ni àwa ọmọ Gàmbàrí ń pe ẹ̀gbọ́n. Èrò pínyà. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan ló ń bọ̀, Ìyá Lami ló wà lórí rẹ̀, láàárín àpò ọkà méjì, eruku bò wọ́n, gèlè wọn ti já sọ́rùn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn àgbẹ̀ Malete tó wá ta iṣu ti gbọ́ lọ́jà pé wọ́n ń ṣe fìdáù nílé Asabe. Wọn ò bèèrè ẹni tó kú, wọ́n kàn lọ sọ fún Ìyá Lami. Nílé arúgbó, ta lèèyàn tún fẹ́ bèèrè?

Ìyá Lami ń sunkún bọ̀, wọ́n ní, "Ẹ ò tilẹ̀ dúró kí n bínú tán! Yàyá, ta ni mo fẹ́ máa bínú sí báyìí?"

Wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n gbójú sókè, wọ́n sì rí ẹ̀gbọ́n wọn nínú mọ́tò, tìróò lójú, aṣọ tuntun lọ́rùn, tó jókòó ṣánṣán. Ìyá Lami dúró sójú kan.

Wọ́n ní, "Ìnnà lílàhi! Ṣé báyìí ni wọ́n ti ń tẹ́ òkú ní Ìlọrin?"

Ìyá Asabe ní, "Lami, ta ló gbé ẹ sórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bí iṣu báyìí?"

Ìyá Lami ké, wọ́n sá sẹ́yìn, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gba orí áfáà kọjá. Nígbà tí wọ́n rí i pé kò sẹ́lòmíràn tó sá, wọ́n padà wá díẹ̀díẹ̀.

"Yàyá, ẹ ò kú ni?"

"Mọ́tò ló kú."

"Mọ́tò?" Ìyá Lami yíjú sí gbogbo wa. "Ẹ pa àgbò, ẹ pe áfáà, ẹ jẹ́ kí n sunkún láti Malete wá síbí, nítorí irin?"

Èmi wo ẹran ọwọ́ mi. Ìyá Lami so gèlè wọn mọ́rí padà, wọ́n fa okùn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, wọ́n yí i sọ́nà Malete. Àbdùlsàlámì dọ̀bálẹ̀ síwájú wọn, wọ́n rìn yí i ká. Wọ́n ní àwọn ti búra, ẹni tó yẹ kó wá kò wá, ẹni tí wọ́n ní ó kú kò kú, àwọn ń lọ.

Nígbà náà ni Ìyá Asabe fẹ́ dìde. Orúnkún kọ̀. Wọ́n di ẹ̀gbẹ́ mọ́tò mú, wọ́n sì sọ ọ́ níṣojú àna, níṣojú áfáà, níṣojú àwọn aláwàdà Ọjà Tuntun, wọn ò rẹ ohùn sílẹ̀.

"Lami! Orúnkún ọjọ́ yẹn, irọ́ ni mo pa. Ijó ni mo lọ jó. Mo ṣẹ̀ ọ́. Jọ̀wọ́ má lọ."

Ìyá Lami dúró, ẹ̀yìn ni wọ́n kọ sí wa.

Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Láti ọdún méje ni mo ti mọ̀. Ẹnu yín ni mo fẹ́ ti gbọ́ ọ." Wọ́n fi ìṣẹ́tí aṣọ nu ojú. "Ìbúra mi wá ńkọ́? Mo ní ẹsẹ̀ mi ò ní tẹ ilé yín kí ẹ tó wá sí tèmi."

Áfáà Abdulmumini, tí wọ́n ti ń wá nǹkan gidi ṣe láti àárọ̀, tètè dá a lóhùn: "Ìta ni mọ́tò wà, Ìyá. Kì í ṣe ilé ẹnikẹ́ni."

Ìyá Lami wo mọ́tò, wọ́n wo áfáà. Wọ́n gun mọ́tò. Ó dún jẹ̀ẹ́nrẹ́n lábẹ́ wọn, ṣùgbọ́n ó gbà wọ́n. Ìyá Asabe gbá wọn mọ́ra, àwọn méjèèjì sì sunkún débi pé àwa náà ń wá aṣọ nu ojú, tó fi kan àwọn aláwàdà. Lẹ́yìn náà, Salimat gbé àwo ẹran méjì wá fún wọn. Wọ́n jẹun níbẹ̀, wọ́n ń dárúkọ àwọn tó ti kú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń bára wọn jà lórí ẹni tí ìyá wọn fẹ́ràn jù, títí oòrùn fi ń wọ̀. Èmi ń rán awọ gàárì kan nítòsí wọn, kò sí ohun tí mi ò gbọ́.

Ìyá Asabe ní, "Lami, bí mo bá wá kú lóòótọ́ ńkọ́? Ṣé o máa wá?"

"Láéláé. Mo ti sun gbogbo ẹkún yín tán lójú ọ̀nà, ẹyọ kan ò kù. Bí ẹ bá fẹ́ kú, ẹ ní sùúrù kí omi ojú mìíràn kọ́kọ́ sun jọ."

"Ṣé ó máa pẹ́?"

"Á pẹ́."

Ìyá Asabe mú èyí tó tóbi jù nínú ẹran àwo wọn, wọ́n fi í sínú àwo àbúrò wọn. Wọ́n ní, "Ó dáa. N ó dúró."